Èsì: Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) lópin ọ̀sẹ̀

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ẹ̀kọ́. O bèèrè bóyá kí o máa lọ sí Kutonú, ìlú ńlá tó wà nítòsí, ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí o ti kúrò ní Ìbàdàn wá kàwé ní Àjàṣẹ́, ọ̀nà ilé-ìwé nìkan ni o mọ̀. Ní tèmi, kọ́kọ́ mọ Àjàṣẹ́ ná.

Mọ́ṣáláṣí Ńlá ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà bọ̀ àti àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bùràsíìlì, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tí kò bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Máàsì. Fara balẹ̀ wo iwájú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kí o sì tọrọ àyè kí o tó wọlé tàbí ya fọ́tò.

Láti ibẹ̀, lọ sí ààfin Honmè, ibùgbé Ọba Toffa tí ó jọba láti 1874 sí 1908, èyí tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Bí o bá fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀, má ṣe fo Songhaï, oko ẹ̀kọ́ tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran pàápàá ń di afẹ́fẹ́ ìdáná.

Dúnàá-dúrà owó zẹ́mìjáàn, ìyẹn ọ̀kadà ibẹ̀, kí o tó gùn ún, kí o sì mú ṣéńjì sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, dání. Kutonú kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Ọ̀sẹ̀ mìíràn lè jẹ́ tirẹ̀.