Ẹ má tíì ra awò VR yẹn o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ilé ìwé yín fẹ́ ra awò VR mẹ́wàá, irú awò ńlá tí à ń dè mọ́ orí, tó ń mú kó dà bíi pé èèyàn wà nínú ayé tí kọ̀ǹpútà yà, wọ́n sì ní kí ẹ wá sọ bóyá ayé inú kọ̀ǹpútà wúlò fún ìkọ́ni lóòótọ́ àbí eré lásán ni. Èsì tèmi ni pé ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ná owó yẹn. Mo ti ná irú rẹ̀ rí. Owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wà níbẹ̀, ojú sì tì mí gidi.

Mẹ́fà la rà, fún kíláàsì tí ọmọ 43 wà. Bí ọmọ kan bá lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú 80 ni yóò gbà kó tó kárí, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 40 ni píríọ́ọ̀dù wa. Àwọn tó ń dúró de tiwọn ń pariwo, àwọn tó wọ̀ ọ́ ń fọwọ́ gbá ara wọn lójú. Òòyì kọ́ ọmọ méjì, ọ̀kan bì sílẹ̀. Ìdè rẹ̀ kò bá irun dídì mu, àwọn ọmọbìnrin tó ń lo hìjáàbù kò tilẹ̀ fẹ́ kó kan orí wọn. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ náà kò ju pé kí wọ́n máa wò yíká, kí wọ́n ní “háà!” Kò sí ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe níbẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá àgbà làwọn awò náà wà di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tó wá gbà mí ni Luanti, eré orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń gbẹ́ ilẹ̀, tó sì ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Minetest ni orúkọ rẹ̀ títí di ọdún 2024. Ará Finland kan, Perttu Ahola, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010. Ó jọ Minecraft, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ti gbó. Minecraft Education, ẹ̀dà Minecraft tí wọ́n ṣe fún ilé ìwé, dára o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, bí ilé ìwé yín bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró, tí wọ́n sì lè máa san owó ọdọọdún lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tiwa kò lè ṣe é. Kọ̀ǹpútà 11 tó ń tàn nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa ni mo fi Luanti sí, mo fi waya àti switch kan (àpótí tí à ń ki waya gbogbo kọ̀ǹpútà bọ̀) so wọ́n pọ̀, laptop mi sì jẹ́ sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ayé eré náà wà lórí rẹ̀ tí àwọn yòókù ń wọlé sí. Ọ̀rọ̀ dátà kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ọjà ló rí. Mo ní kí wọ́n kọ́ ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Kí n má ti sọ bẹ́ẹ̀! Kí píríọ́ọ̀dù tó parí, ọmọ kan ti da garawa láfà, òkúta yíyọ́ tó gbóná bí iná, sórí ilé onígi tí ẹgbẹ́ kejì kọ́, gbogbo rẹ̀ jóná ráúráú, ìjà gidi sì ṣẹlẹ̀ ní yàrá. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa iná nínú ètò rẹ̀, mo sì fi àfikún kan tó ń jẹ́ areas pín ilẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹlòmíràn kò fi lè fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣe ìyẹn kí ọmọ kankan tó wọlé.

Eredo Sùngbọ́, kòtò àti òkìtì àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló sọ eré di ẹ̀kọ́. Ìjẹ̀bú ni a wà. Àwọn ọmọ yìí ti gbọ́ orúkọ Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ní òun ló ni Eredo, láti ilé. Wọ́n mọ̀ pé kòtò náà yí ilẹ̀ ká tó nǹkan bíi kìlómítà 160, pé àwọn ibì kan wà tó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì. Wọ́n mọ iye yẹn bí ẹni mọ orin, kò sì yé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní Luanti, búlọ́ọ̀kù kan jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú, ní gíga. Mo ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ mítà 30 péré nínú Eredo.

Gbogbo wọn ló gbẹ́ kòtò mítà 20. Kò sí ẹgbẹ́ kan tó ní òkìtì. Mo bi wọ́n pé, “Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbẹ́ dà?” Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀bi mi ni: ètò tí mo fi wọ́n sí, ibi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ ọ̀fẹ́, bí èèyàn bá fọ́ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, ńṣe ló ń pòórá. Mo yí i sí èyí tí ohun tí o bá gbẹ́ ti ń wọ inú àpò rẹ, tí ojú àpò kan ń gba 99. A tún un gbẹ́: gígùn 30, ìbú 6, jíjìn 10. Ó jẹ́ búlọ́ọ̀kù 1,800, ojú àpò 19. Kí ni ká fi ṣe? Ọmọkùnrin kan ní ká kó o sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, lápá inú. Wọ́n tò ó ní ìbú mẹ́fà kan náà, òkìtì sì ga ní mítà 10. Mítà 10 nísàlẹ̀, mítà 10 lókè! Ariwo sọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé ẹni tó ń fẹ́ ogún mítà kò ní láti gbẹ́ ogún mítà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ìpàdé yín. Ayé inú kọ̀ǹpútà máa ń parọ́, ibi tó bá ti parọ́ gan-an ni iṣẹ́ tíṣà wà. Nínú eré yẹn, ọmọ ọdún 12 ń gbẹ́ kúbíìkì mítà kan kí o tó ṣẹ́jú. Mo ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n mú ìwé. A fi ìwúwo iyẹ̀pẹ̀ kúbíìkì mítà kan sí tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀. Bí èèyàn bá ru kílò 30 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún ni yóò rù ú fún búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Búlọ́ọ̀kù 1,800 á wá jẹ́ ẹrù orí 90,000, fún mítà 30. Irú mítà 30 bẹ́ẹ̀ tó wà nínú kìlómítà 160 sì lé ní 5,300. N kò sọ nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Tíṣà, ta ló ń se oúnjẹ fún wọn?” Ìbéèrè yẹn ni mo fi kọ́ wọn ní ìtàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ mi tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà la wá lọ wo apá kan Eredo fúnra rẹ̀. Ọmọ kan dúró nísàlẹ̀, ó wòkè, ó ní, “Òkìtì tiwọn ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tiwa dúró ṣánṣán.” Òótọ́ ni. Iyẹ̀pẹ̀ Luanti kì í ya. O lè gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ kúrò kó sì dúró lójú òfurufú. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń já bọ́. Ká ní mo ti kọ́kọ́ kó wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ tiwọn, fọ́tò ni wọn ì bá máa yà.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló bá a mu o. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún gírámà Yorùbá, pé kí wọ́n máa kọ gbólóhùn sára pátákó inú eré. Ìlọ́po mẹ́ta àkókò tí ṣọ́ọ̀kì ń gbà ló gbà, kò sì sí ohun tó fi kún un. N kò tún un dán wò mọ́.

Ọmọ mẹ́rin ni mo ń fi sídìí kọ̀ǹpútà kan: ẹni tó di máòsì mú, ẹni tó ń ka àwòrán, ẹni tó ń ka búlọ́ọ̀kù, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Aago á lù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á pààrọ̀. Àwọn tó ń gbá géèmù nílé kì í fẹ́ fi máòsì sílẹ̀, ẹ má gbà fún wọn. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì ya tirẹ̀ sórí ìwé kò sì gbọdọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ìwé yẹn ló gbà mí lọ́wọ́ bàbá kan tó wá bi mí bóyá owó ilé ìwé géèmù ló ń san. Mo ṣí ìṣirò ẹrù orí tí ọmọ rẹ̀ ṣe hàn án, ó kà á, ó tún un kà, ó ní kí n jẹ́ kí òun mú un lọ han ìyá ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ iná: wọ́n mú un lọ lọ́jọ́ kan tí bátìrì laptop mi ti kú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì bàjẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń da ayé náà kọ sórí fíláàṣì méjì, torí fódà lásán ni. Ìdí mìíràn tí mo fi ń fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ara mi nìyí. Ẹ wo àwọn ayé VR àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe: Google Expeditions parí ní 2021, Microsoft ti AltspaceVR pa ní oṣù kẹta 2023, Mozilla ti Hubs pa ní oṣù karùn-ún 2024. Ẹni tó bá kó gbogbo iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ọjọ́ tí onílẹ̀ bá ní kó kúrò náà ni yóò kúrò.

Ẹ lọ ka àwọn kọ̀ǹpútà yín tó ń tàn. Bí wọ́n bá tó mẹ́jọ, ẹ kọ irú Windows tó wà lórí wọn àti iye RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) wọn síbí, màá sọ ohun tí ẹ máa tàn nínú ètò Luanti àti ohun tí ẹ máa pa.