Máníjà ní kí n tú ṣùkú orí mi: ṣé àjọ ìlú New York lè gbà mí?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bronx ni mò ń gbé. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà aṣọ kan, àwa mẹ́sàn-án la wà níbẹ̀. Ní bíi oṣù méjì sẹ́yìn mo di ṣùkú lọ síbi iṣẹ́. Máníjà tuntun tí wọ́n gbé wá ní irun náà kò bójú mu níwájú kọsítọ́mà, kí n lọ tú u tàbí kí n máa wà ní ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Mo ní irun orí mi ni, ojú ẹ̀yà ni ẹ fi ń wo irun yìí. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ márùn-ún tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti di méjì. Nígbà tí mo bi í pé kí ló fà á, ó ní ṣé mo mọ̀ pé òun lè pe Ìmígíréṣọ̀n fún mi. Pépà mi kò tíì jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ bá àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó jẹ́ ti ìlú. Ọkọ mi ní ẹni tí kò ní pépà kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ìjọba. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Èló ni wọ́n ń gbà? Àbí kí n kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?

Ìdáhùn

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín ló sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń ba ọkọ yín lẹ́rù kì í ṣe ohun kékeré, nítorí náà òun ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ìjọba ìlú New York ló ni àjọ tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, Commission on Human Rights ni wọ́n ń pè é. ICE, ìyẹn àwọn tó ń mú ẹni tí kò ní pépà, àti Ìmígíréṣọ̀n, ìjọba àpapọ̀ ló ni wọ́n. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ìlú yìí ń lò ka ipò pépà ẹni mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tàbí ayálégbé. Ẹni tó ní pépà àti ẹni tí kò ní, òfin náà bo àwọn méjèèjì. Láti ọdún 2003 ni àṣẹ olórí ìlú sì ti wà pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú má máa bi ẹni tó wá gba ìrànlọ́wọ́ léèrè pépà, àfi tó bá jẹ́ pé òfin ló sọ ọ́ di dandan fún ohun tí onítọ̀hún wá gbà. Ẹjọ́ irun àti ìhàlẹ̀ kò sí lára ìyẹn. Síbẹ̀, nítorí pé pépà yín ṣì wà lọ́nà, ẹ bá lọ́yà tó mọ̀ nípa Ìmígíréṣọ̀n sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn kankan. Èmi ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni mo mọ̀, n kò ní fi ẹnu kan dáhùn ọ̀rọ̀ méjì.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo rí nínú ohun tí ẹ kọ.

Èkíní ni irun. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, àjọ yìí kéde pé bí ibi iṣẹ́, ilé ìwé tàbí ilé ìtajà bá ní kí aláwọ̀ dúdú tú irun dídì rẹ̀, kí ó gé dàda rẹ̀ tàbí kí ó jó irun rẹ̀ kó tó lè dúró níwájú ènìyàn, ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà ni. Kò sí àwáwí 'kọsítọ́mà kò fẹ́' nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ewu bá tilẹ̀ wà, bíi nídìí ẹ̀rọ tó lè fa irun mú, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọ̀nà mìíràn, bíi kí òṣìṣẹ́ di irun náà sẹ́yìn tàbí kí ó fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ní ilé ìtajà aṣọ, ewu wo ni ṣùkú fẹ́ ṣe?

Èkejì ni ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gé. Ẹ sọ fún un pé ojú ẹ̀yà ló fi wo irun yín, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló gé ọjọ́ yín kù sí méjì. Gbígbẹ̀san lára ẹni tó tako ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró. Kódà bí ẹjọ́ irun kò bá lọ bí a ṣe fẹ́, èyí lè dá dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìhàlẹ̀ Ìmígíréṣọ̀n, òun ló sì bí mi nínú jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àjọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé kí ènìyàn máa fi ICE dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ tàbí ayálégbé nítorí ìran rẹ̀ tàbí pépà rẹ̀ lòdì sí òfin ìlú yìí. Ohun tí máníjà yẹn rò pé òun fi pa yín lẹ́nu mọ́ ni yóò kó bá a jù.

Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ṣùkú. Ẹ má kọ 'ó máa ń fojú di mí'. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níwájú adájọ́. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí: 'Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, nídìí ibi tí a ti ń gba owó. Máníjà ní kí n lọ tú irun mi. Ọmọbìnrin tó ń to bàtà wà níbẹ̀, ó gbọ́.' Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ má túmọ̀ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fi ń pín ọjọ́ iṣẹ́, ti ìsinsìnyí àti ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kó ìwé owó oṣù yín jọ, àti fọ́tò tí ẹ bá yà lọ́sẹ̀ tí ẹ di ṣùkú náà. Bó bá kọ nǹkan sí yín lórí WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́.

Fóònù tara yín ni kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí o. Arábìnrin kan tí mo ràn lọ́wọ́ lórí ẹjọ́ rẹ̀, inú fóònù ibi iṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ọjọ́ tí wọ́n lé e ni wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú títì ló ti pè mí, fóònù ẹni ẹlẹ́ni ló yá, ẹkún kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ní ti owó, kọ́bọ̀ kò ní jáde lápò yín, kò sì pọn dandan kí ẹ ní lọ́yà. Ẹ pe 311, nọ́ńbà tí a fi ń bá ìjọba ìlú sọ̀rọ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé Commission on Human Rights lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Òfin tí ìlú ṣe ní 2017 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú máa pèsè ògbufọ̀ lórí fóònù ní ọgọ́rùn-ún èdè ó kéré tán. Yorùbá kò sí lára èdè mẹ́wàá tí òfin náà ní kí wọ́n máa túmọ̀ ìwé sí, torí náà ẹ lè má rí fọ́ọ̀mù ní èdè wa, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀. Kò yẹ kí ọmọ jókòó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin tí wọ́n sọ sí ìyá rẹ̀.

Nígbà mìíràn àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà a kọ́kọ́ kàn sí ilé iṣẹ́ kí ẹ̀sùn tó di ti ìwé, ọ̀rọ̀ a sì yanjú. Bí kò bá yanjú, wọ́n á kọ ẹ̀sùn náà, ẹ ó búra sí i, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé ìtajà náà, ìyẹn yóò ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fèsì. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí kò sì sí ìrẹ́pọ̀, ó di iwájú adájọ́. Ó máa ń pẹ́. Ó lè ju ọdún kan lọ, n kò ní tàn yín.

Àwọn ènìyàn wa máa ń gbọ́ pé owó ìtanràn lè tó dọ́là 125,000, pé ó lè tó 250,000 bí ẹni náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣìkà, wọ́n á rò pé olùfisùn ló ń kó o lọ sílé. Àpò ìlú ni ìtanràn ń lọ. Ohun tó lè kàn yín ni owó iṣẹ́ tí wọ́n fi dù yín àti owó ìtùnú fún ìbànújẹ́ tí wọ́n kó bá yín. Àjọ náà tún lè pàṣẹ kí ilé ìtajà yí òfin rẹ̀ padà, kí àwọn máníjà rẹ̀ sì lọ gba ẹ̀kọ́.

Ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣìnà nìyí: ọdún kan péré lẹ ní láti gbé ẹ̀sùn lọ sí àjọ, láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfìtínà tó jẹ mọ́ akọ-ń-bábo nìkan ló ní ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ tún lè lọ sí kọ́ọ̀tù tààrà, ọdún mẹ́ta ni ti kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ẹ̀sùn lọ́dọ̀ àjọ, ẹ kò sábà lè gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sí kọ́ọ̀tù mọ́. Pípè láti béèrè kò dí ọ̀nà kankan. Ìfọwọ́sí ni kí ẹ rò dáadáa.

Àjọ yìí kì í ṣe ilé àwílásán o. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1943, ọlọ́pàá yìnbọn lu sójà aláwọ̀ dúdú kan ní Harlem, ìgboro dàrú. Lọ́dún kejì, La Guardia tó jẹ́ olórí ìlú gbé ìgbìmọ̀ ìṣọ̀kan kalẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1955, tó gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí ní 1962. Ọdún 1965 ló tó ní agbára láti wádìí ẹni tó rú òfin kí ó sì pè é lẹ́jọ́. Agbára yẹn ló yà á sọ́tọ̀ sí ìgbìmọ̀ onímọ̀ràn.

Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà tún máa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìwé láti ṣàlàyé òfin fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún àwọn àgbà ìjọ yín kí wọ́n pè wọ́n, nítorí òfin yìí kan àwa náà tí a ní ilé tàbí ilé iṣẹ́. Onílé tó jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ní òun kò gba Section 8, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń ran ayálégbé lọ́wọ́ láti san owó ilé, ń rú òfin tó ti wà láti 2008. Ẹni tó gba olùtọ́jú ọmọ kan ṣoṣo sílé, òfin náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti 2022. Mo ti rí àwọn tiwa tí wọ́n fi pépà halẹ̀ mọ́ ọmọ ilẹ̀ wọn tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Ó dùn mí ju ti máníjà yín lọ.

Oṣù méjì ti lọ nínú méjìlá yín. Ẹ pe 311 lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ náà sínú ìwé kékeré yẹn.