Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sanwó fún àkójọ ìwé àyẹ̀wò sọ́fítíwìà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣágámù ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ tẹ́sítà ni. Wọ́n ní àkójọ ìwé àyẹ̀wò sọ́fítíwìà kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí test plan, test case àti ìbéèrè ìdánwò ISTQB gan-an wà nínú rẹ̀. Mo rí i, àmọ́ ó ń béèrè password. Ẹnì kan ní kí n san ₦7,500 kí òun fún mi. Ṣé kí n san án? Báwo ni mo sì ṣe lè dáńlóòdù gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí fóònù, nítorí owó dátà?

Ìdáhùn: Àbúrò, má san kọ́bọ̀. Ìwọ ni ẹni kẹrin tó máa bi mí ní ìbéèrè yìí láàárín oṣù kan. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ ti sanwó kó tó wá. Ó mú flash rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, a jọ ṣí i. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ.

Password tó o rí yẹn kì í ṣe ti àwọn tó kọ ìwé. Ẹni tó ń tà á ló há ohun ọlọ́hun mọ́ àpótí. ISTQB, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣètò ìdánwò fún àwa tẹ́sítà láti ọdún 2002, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwé tiẹ̀. Lọ sí istqb.org, wá ibi tí wọ́n kọ Certified Tester Foundation Level sí. Wàá rí syllabus, ìyẹn ìwé tó sọ gbogbo ohun tí wọ́n lè bi ọ́, wàá sì rí àwọn ìdánwò àwòṣe. PDF ni, ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè wà nínú fáìlì kan, ìdáhùn wà nínú òmíràn. Àwọn kan máa ń mú ìbéèrè nìkan, wọ́n á wá máa pariwo pé wọ́n fi ìdáhùn pamọ́. Má wulẹ̀ wá bó o ṣe máa kó gbogbo ìkànnì. Syllabus kan, ìdánwò àwòṣe kan pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, ó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní jẹ dátà tó fídíò Ojúde Ọba kan ṣoṣo.

Ohun tó ń bí mi nínú ni "ìbéèrè ìdánwò gan-an" yìí. Expo la máa ń pè é nígbà tí à ń ṣe WAEC, òun náà ló tún padà wá. Nínú flash yẹn, fáìlì tí wọ́n pè ní "Real Questions", ìdánwò àwòṣe ọ̀fẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn ni. Wọ́n kàn gé àmì ISTQB kúrò lókè ojú ewé. Mo ṣí ojúlówó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kódà nọ́ńbà ìbéèrè wọn ò yàtọ̀. Ọmọkùnrin náà kàn ń wò mí. Fáìlì kejì tún burú ju ìyẹn lọ, torí orí syllabus 2018 ni wọ́n gbé e kà, bẹ́ẹ̀ láti 2023 ni v4.0, ìyẹn syllabus tó rọ́pò rẹ̀, ti jáde. Bó o ṣe máa dá ti àtijọ́ mọ̀ nìyí: tí wọ́n bá ń bi ọ́ nípa use case testing, tí test pyramid ò sì sí níbì kankan, ti àtijọ́ ni. Wọ́n ti yọ àkọ́kọ́ kúrò ní Foundation, wọ́n sì ti fi èkejì sí i.

Ká tilẹ̀ ní ojúlówó expo ni. Ìbéèrè 40 ni, ní ìṣẹ́jú 60, 26 lo gbọ́dọ̀ gbà. (Ẹni tí èdè ìdánwò kì í bá ṣe èdè abínibí rẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú 15 sí i. Béèrè kó o tó forúkọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀.) Orí kẹrin syllabus ni 11 nínú ìbéèrè 40 yẹn ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti máa ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ pé kó o ro ó kó o tó dáhùn. Wọ́n yí nọ́ńbà kan péré padà, gbogbo ohun tó o kọ́ sórí ti wọmi.

Wò ó báyìí. Ẹnì kan ṣe app àjọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà Òkè-Ajé. Ó ní iye tí èèyàn lè dá lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí ₦200, kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦50,000 lọ. Kí lo máa dán wò? Ẹni tó gbójú lé àkójọ ìwé á tẹ ₦5,000, á ní ó ṣiṣẹ́. Tẹ́sítà á lọ síbi ààlà: 199, 200, 50,000, 50,001. Boundary value analysis ni wọ́n ń pè é. Ibi ààlà ni ẹni tó kọ kóòdù ti máa ń ṣì í, tó máa kọ "ju 200 lọ" níbi tó yẹ kó kọ "200 sókè". Ìyá tó fẹ́ dá ₦200 géérégé ni app á lé padà. Kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó o tẹ̀, ohun tó yẹ kó jáde, ohun tó jáde. Test case nìyẹn.

Ní ti àwọn fọ́ọ̀mù test plan, ìyẹn ìwé tó sọ bí a ṣe máa ṣe àyẹ̀wò, ti IEEE 829 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìlànà àtijọ́ fún kíkọ ìwé àyẹ̀wò ni, láti 1983 ló ti wà. ISO/IEC/IEEE 29119-3 ti gba ipò rẹ̀ láti 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021. Títà ni ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà jáde, ń ta ìyẹn. Èyí tí wọ́n bá fún ọ nínú zip, ọjà àjígbé ni.

Ìwé iléeṣẹ́ kan náà wà nínú flash yẹn, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà. Mo ní kó pa á rẹ́ lójú mi. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, má jẹ́ kí wọ́n bá irú ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni fáìlì kan tí wọ́n pè ní Test_Plan.pdf. Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́. Mo tẹ View, mo ní kó gbé File name extensions jáde, ló bá di Test_Plan.pdf.exe. Sọ́fítíwìà ni, kì í ṣe ìwé. Lórí fóònù, .apk ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé kì í ní kó o install òun. Tó o bá ti ṣí irú ẹ̀ rí, má fi ẹ̀rọ yẹn wọ app báǹkì títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò, kó o sì lo ẹ̀rọ mìíràn láti yí password rẹ padà.

Èmi kì í ṣe aṣojú ISTQB o. Owó ìdánwò máa ń yí padà, lọ́dọ̀ wọn ni kó o ti wò ó. Fi ₦7,500 yẹn ra dátà, ka orí kẹrin, kó o sì kọ test case mẹ́rin fún app àjọ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Màá bá ọ wò ó.