Ọmọ ń ké Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé olùkọ́, kò sì yé e: kí ni ṣíṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ CI àti CP, ìyẹn kíláàsì méjì àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n, nǹkan bí ogójì nínú yàrá kan, ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yòókù. Wọ́n mọ A dé Z lórin, gbólóhùn tí mo bá sì sọ, gbogbo wọn á ké e tẹ̀lé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún ọmọ kan pé “Bring me the spoon”, ńṣe ni yóò máa wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Kíké tẹ̀lé olùkọ́ yẹn ló ń tàn yín. Nínú ọmọ ogójì, àwọn díẹ̀ ló ń ṣáájú, àwọn yòókù kàn ń gbá ohùn wọn mú lẹ́yìn. Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń gbọ́ Yorùbá nílé: ó ti gbọ́ “gbé e wá” àti “fi í sílẹ̀” fún oṣù púpọ̀, ó sì ti ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, kó tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe Gẹ̀ẹ́sì: kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n tó sọ ọ́. James Asher, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí àwọn olùkọ́ mọ̀, láti àwọn ọdún 1960. Total Physical Response ni wọ́n ń pè é.

Ẹ mú ohun márùn-ún péré tí ọmọ lè dì mú: síbí, òòyà, bàtà, fìlà, ewé. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì. Ẹ sọ “Touch the comb”, kí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣe márààrún bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pe ọmọ méjì síwájú, kí ẹ jọ máa ṣe é. Lẹ́yìn náà kí ẹ káwọ́ kò, kó ku ohùn yín nìkan.

Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Bí olùkọ́ ṣe ń sọ “comb”, ojú rẹ̀ á ti lọ sórí òòyà. Ojú yín ni ọmọ ń tẹ̀lé, tí ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ojú ọmọ náà ni kí ẹ máa wò tí ẹ bá ń pàṣẹ, kí ẹ sì máa yí ètò àṣẹ náà padà kó má di orin. Àwọn tó jókòó lè ya nǹkan márààrún sórí síléètì, kí wọ́n máa nàka sí èyí tí ẹ bá dárúkọ. Kí wọ́n di ojú wọn lẹ́yìn náà, kí ìlà kan ṣoṣo dáhùn. Ẹ̀rí tó dájú nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n lè wò.

Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá ń mú ohun tó tọ́, ẹ wá bèèrè “Is it a comb or a shoe?” Ọmọ ò ní wá ọ̀rọ̀ látinú ara rẹ̀, yóò kàn yan ọ̀kan ni. “What is it?” ló tẹ̀lé e. Níkẹyìn, kí ọmọ kan di olùkọ́, kó máa pàṣẹ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Àṣẹ pípa dùn mọ́ ọmọdé, wọ́n á sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá mú wọn. Ẹ má halẹ̀ mọ́ èyí tó ṣì dákẹ́: bó bá ń ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe, ó ń kọ́ ọ. Ẹ má sì kọ́ wọn ní “hot” àti “cold” lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ méjì tó dojú kọ ara wọn máa ń dàrú mọ́ ọmọ lórí. Kí ọ̀kan jókòó dáadáa kí èkejì tó dé.

Ní ti A dé Z, ẹ gbé e tì fún tíámù kan ó kéré tán. Faransé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kàwé. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe E ni Faransé ń pe I, G àti J sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pààrọ̀ orúkọ. Ọmọ tó gbọ́ E lẹ́nu yín tó kọ I sílẹ̀, kò ya òpè rárá. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu wọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yẹra fún “six”, “table” àti “orange” tí wọ́n á kà bí Faransé lójú ẹsẹ̀.

Ìró ò le tó bí ẹ ṣe rò. Yorùbá ti fún wọn ní h, w àti j. Faransé ti fún wọn ní v, z, àti p tí a ń fi ètè nìkan pè. Ìparí ọ̀rọ̀ ló nílò iṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì, “comb” á sì di “kóòmù”. Kí wọ́n pa ètè dé lórí m, kó wà ní pípa títí ẹ ó fi ka ení, èjì. Ti “th” lè dúró: ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń sọ “dis”, a gbọ́ ohun tó ń wí.

“Ó” wa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, nítorí náà ẹ óò gbọ́ “My mummy, he is cooking”. Òmíràn á tilẹ̀ sọ “they are cooking”, torí pé “wọ́n” ló fi ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹ má dá a dúró. Ẹ fèsì pé “Yes, she is cooking. What is she cooking?” kó gbọ́ èyí tó tọ́, kí ọ̀rọ̀ sì máa lọ.

Ẹ lo Yorùbá láti ṣàlàyé eré lẹ́ẹ̀kan, tàbí láti rẹ ọmọ tó ń sunkún lẹ́kún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń túmọ̀ gbogbo gbólóhùn, wọn ò ní fetí sí Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ìtumọ̀ ni wọ́n á máa dúró dè.

Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá gbà, ẹ pín wákàtí kan ọ̀sẹ̀ yẹn sí ìṣẹ́jú 15 lọ́nà mẹ́rin. Bí kò bá gbà, ẹ má jẹ́ kí eré kan kọjá ìṣẹ́jú méje, kí ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ sì máa jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn òbí á bèèrè ìdí tí ìwé ọmọ fi ṣófo. Ẹ kọ àṣẹ mẹ́ta lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n pa á fún ọmọ náà nílé.