Èsì: Ìpele wo ni kí n kọ fún pádẹ̀lì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti ń gbá tẹníìsì n'Ílọrin tipẹ́, Playtomic, áàpù tí wọ́n fi ń gba pápá pádẹ̀lì (eré bíi tẹníìsì tí wọ́n ń gbá láàárín ògiri gíláàsì), wá ń béèrè ìpele yín, láti 0 dé 7. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tẹníìsì díwọ̀n. Bí ẹ bá kọ ọ́ ga jù, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbá ló máa jìyà ẹ̀.

Ògiri gíláàsì ẹ̀yìn ni kí ẹ fi dán ara yín wò. Kí ẹnìkan ju bọ́ọ̀lù 10 sí yín, kó balẹ̀ kó tó kan gíláàsì. Bí ẹ ò bá lè dá 5 padà, ẹ kọ 1.5. Bí 7 bá ń padà wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ sì ń gbá a gba orí alátakò kúrò nídìí nẹ́ẹ̀tì, ó tó 3.

Onítẹníìsì máa ń sún mọ́ gíláàsì jù. Bọ́ọ̀lù á ta padà, á kọjá lára wọn. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí nẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé rákẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ dè é, ẹ jẹ́ kó ta jáde, kí ẹ tó gbá a níwájú yín.