Ẹ Bi Wá: Ọ̀fàfà Ò Ké Mọ́ Nínú Igbó Orò Wa

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí pọ̀, igbó kéékèèké àti ẹranko inú wọn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì dá lé. A mú mẹ́fà, a gé wọn kúrú.

Láti Kétu: *Igbó orò agboolé wa tó hẹ́kítà mẹ́ta. Láti kékeré la ti ń gbọ́ igbe ọ̀fàfà níbẹ̀ lóru. Ó di ọdún kẹrin báyìí tí a ò gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í dọdẹ níbẹ̀, iná ò sì jó o rí. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ní níwọ̀n ìgbà tí ẹranko ti tán, kí a gé e ká fi gbin àgbàdo. Kí lẹ rí sí i?*

Ẹ má gé e. Igbó yín tó ṣófo yẹn wà lára ohun tó ń gbé ọ̀fàfà ró nínú àwọn igbó yòókù.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe lè tán láìsí ẹni tó pa á. Ẹranko orí igi tó ń gbé inú ihò igi ni ọ̀fàfà, hẹ́kítà 3 kò sì lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Oyún rẹ̀ ń lò tó oṣù 7, ọmọ 1 tàbí 2 ló ń bí. Ká ní ọmọ 4 péré ni wọ́n bí níbẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan. Bí irú ìbí bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 8, ìgbà kan nínú rẹ̀, akọ nìkan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa jẹ́, tàbí abo nìkan. Nígbà tí àwọn ìyá àti bàbá wọn bá kú, ó parí nìyẹn, kò sì sí ẹni tí a lè bá wí. Ẹ wá fi igi oníhò kan tí ìjì dá lulẹ̀ kún un, tàbí ajá tó já wọgbó lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ẹranko bá ti pọ̀, irú nǹkan báyìí kì í hàn. Ibi tí wọn ò bá ti ju márùn-ún mẹ́fà lọ, òun ló ń pa wọ́n rẹ́.

Nínú ìlú, agboolé kan lè di ahoro kí ìlú má tú, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ agboolé mìíràn bá ń wá kọ́lé sórí ahoro náà. Bí àwọn igbó tó wà káàkiri oko ṣe rí nìyẹn. Nǹkan méjì ló ń bára wọn sáré: bí igbó ṣe ń yára dahoro, àti bí ẹranko ṣe ń yára padà wọ ahoro. Richard Levins, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1969, ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé lè fi ọwọ́ ṣe.

Ká ní igbó 20 ló wà ní àyíká yín (àpẹẹrẹ la fi ń ṣe o). Lọ́dọọdún, nínú igbó 10 tí ọ̀fàfà wà, 1 ń dahoro. Lọ́dọọdún bákan náà, igbó 10 tí ọ̀fàfà wà ń rán ọmọ jáde lọ sí igbó 4. Ibi tí ọ̀rọ̀ máa fìdí tì sí ni igbó 15 tó kún, igbó 5 tó ṣófo. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nínú 15, 1 àti ààbọ̀ ń dahoro lọ́dún. Àwọn 15 náà ń rán ọmọ lọ sí igbó 6, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin igbó ló ṣófo, nítorí náà 1 àti ààbọ̀ ló bọ́ sórí ahoro. Ohun tó jáde dọ́gba pẹ̀lú ohun tó wọlé. Igbó 5 tó ṣófo kì í ṣe 5 kan náà lọ́dọọdún. Wọ́n ń gba ara wọn ṣe ni, tiyín lè jẹ́ èyí tó kàn.

Wàyí o, ẹ gé 5 tó ṣófo. Àwọn ọmọ ò ṣíwọ́ jíjáde, àmọ́ oko àgbàdo ni púpọ̀ nínú wọn ń bá pàdé. Igbó 15 tó kù kò ní kún títí lọ. Yóò máa fà sẹ́yìn títí 5 nínú rẹ̀ á tún fi ṣófo, á ku 10. Bí ẹ bá tún gé 5 tó ṣófo yẹn, á ku 5 tó kún. Ẹ gé 5 sí i, igbó 5 ṣì wà lórí ilẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fàfà kan ò sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ahoro nìkan lẹ ń gé látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò pa ẹranko kankan.

Kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ogún, ọgbọ̀n ọdún kí igbó tó kẹ́yìn tó dákẹ́, ẹni tó gé ti àkọ́kọ́ sì lè má sí láyé mọ́. Gbèsè ìparun làwọn onímọ̀ ń pè é, orúkọ yẹn sì bá a mu: ẹ ti jẹ ẹ́, ọjọ́ sísan rẹ̀ ni kò tíì pé.

Ìṣirò yìí ní àbùkù kan. Ó ka gbogbo igbó sí ọgbọọgba, bẹ́ẹ̀ igbó tó wà ní mítà 200 sí èyí tó kún kò lè jẹ́ ẹgbẹ́ èyí tó wà ní kìlómítà 6. Ilkka Hanski, ará Finland, ló tún un ṣe, ó ní kí a ka jíjìnnà àti títóbi igbó kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Labalábá kan ní erékùṣù Åland lòun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dán an wò: pápá kéékèèké bíi 4,000 ni wọ́n ń bẹ̀ wò lọ́dọọdún láti 1993. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń ṣófo lọ́dún kan, síbẹ̀ labalábá náà ò tán, nítorí pé bí ibí ṣe ń kú ni ọ̀hún ń sọ jí. Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu, ẹ ya àwòrán àwọn igbó tó yí yín ká sórí ìwé, ẹ kọ kìlómítà tó wà láàárín wọn, ẹ sì bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá tiwọn ṣì ń ké.

Láti Pọ́bẹ̀: *Báwo la ṣe lè mọ̀ pé ẹranko ti tán lóòótọ́, pé kì í ṣe pé a ò fetí sílẹ̀?*

Àwọn àgbà ní ọ̀fàfà ń fi ohùn ṣakin, ohùn yẹn náà la ó sì fi kà á. Tiwa kì í han gooro bíi ti ìlà-oòrùn odò Ọya, ńṣe ló ń gbó. Ìyàtọ̀ igbe yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ kéde ní 2021 pé ọ̀fàfà tó wà láàárín odò Volta àti odò Ọya jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀.

Ẹ jókòó sí ojú kan náà létí igbó, ẹni méjì, láti aago 8 alẹ́ títí di aago 10. Ẹ má lọ lóru òjò tàbí òru afẹ́fẹ́ líle. Ẹ kọ aago àti apá ibi tí igbe ti wá. Bí igbe méjì bá wá láti apá méjì láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ kà á sí méjì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn lọ ní òru kan, kó padà wá sọ pé ó ti tán. Ká ní ó wà níbẹ̀ tó sì ń ké ní òru 1 nínú 2. Òru kan péré á tàn yín jẹ ní ìdajì ìgbà. Òru 3, ìgbà 1 nínú 8. Òru 5, ìgbà 1 nínú 32. Márùn-ún ni kí ẹ ṣe. Lójú mọmọ, ẹ wo ìdí àwọn igi ńlá oníhò: ojú kan náà ló ń yàgbẹ́ sí léraléra, ó sì máa ń ga jọ.

Láti Ṣábẹ̀, obìnrin tó ń gbin kajú: *Oko mi wà láàárín igbó etídò àti igbó ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n ní mo ti dínà mọ́ ẹranko. Ṣé kí n wú kajú ni?*

Ẹ má wú kajú yín, ìyá wa. Kajú tó ti dàgbà tí ewé rẹ̀ ń kan ara wọn kì í ṣe ògiri fún ẹranko orí igi. Ohun tó ń dínà ni ilẹ̀ tí a gbá mọ́ tónítóní, iná ọ̀gbẹlẹ̀, ajá, àti àìsí igi oníhò tí ẹranko lè sá wọ̀.

Etídò lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Òfin igbó Benin ti 1993 ka gígé igbó léèwọ̀ ní mítà 25 sí ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e, ẹ ti ní ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 50 láìgbin igi kan. Àràbà, apá tàbí ọ̀gánwó tó ní ihò, kí ẹ fi í sílẹ̀ láàárín oko, bó tilẹ̀ ṣe 3 péré.

Ibi tí àlàfo bá wà, ẹ fi ọ̀pá tútù dí i. Ìyeyè àti ọ̀dán ló dára jù, torí wọ́n ń hù láti ara ọ̀pá, ẹyẹ àti àdán sì ń jẹ èso wọn. Ẹ gé ọ̀pá tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, kó gùn tó mítà 2. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí orí rẹ̀ tẹ́jú. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbin àwọn kan sódì, wọn ò sì ní hù. Ẹ tò wọ́n sábẹ́ ibòji fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kí ojú ibi tí ẹ gé lè gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi irin lu ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50, kí ẹ tó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ má fi òòlù lu ọ̀pá fúnra rẹ̀ wọlẹ̀: èèpo rẹ̀ á bó, omi á wọ̀ ọ́, á jẹrà láti ìsàlẹ̀. Mítà 5 sí ara wọn ti tó. Ní Ṣábẹ̀, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni àkókò rẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbin nígbà tí òjò ń parí lọ, ikán ló ni ín. A ní kó gùn ní mítà 2 torí ewúrẹ́: ewé tuntun á yọ lókè, ẹnu rẹ̀ ò ní tó o.

Iná ló kù. Kí oṣù kejìlá tó dé, ẹ ro ilẹ̀ mítà 5 yíká ọ̀nà náà, kí ẹ sì gbá ewé kajú gbígbẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ro ó tí kò gbá ewé kúrò kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí a kì í sábà sọ. Bí wọ́n bá ń dẹ tàkúté nínú igbó ẹsẹ̀ òkè yẹn, ọ̀nà tí ẹ là á máa kó ẹranko etídò lọ bá ikú ni. Ẹ wádìí ìyẹn kí ẹ tó gé ọ̀pá.

Láti Àjàṣẹ́, olùkọ́ kan: *Ṣé igbó ńlá kan kò sàn ju kékeré mẹ́wàá lọ?*

Fún ẹranko tó nílò àyè, ó sàn jù. Ọ̀bọ tí ikùn rẹ̀ pupa, tí Benin fi ń yangàn, inú igbó Lama ló pọ̀ sí jù, níbi tí nǹkan bí hẹ́kítà 1,900 igbó àdánidá kù sí. Ṣùgbọ́n a ò lè yan ohun tí a ò ní. Igbó orò tí wọ́n kà ní Benin nígbà tí 1990 ń parí lọ jẹ́ 2,940, gbogbo rẹ̀ kò ju hẹ́kítà 18,360 lọ. Ẹ pín in: hẹ́kítà 6 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà nílẹ̀ la ó so pọ̀.

Láti Àjàṣẹ́ kan náà: *Ṣé a ò lè ra ẹranko láti ibòmíràn wá fi kún èyí tó kù?*

Ó ti ṣiṣẹ́ rí. Ní Florida, ẹkùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní puma kù bíi 20 sí 30. Wọ́n ti ń bá ẹbí ara wọn gùn, ìrù wọn ká kò, ọkàn àwọn kan lábùkù, kóró ẹpọ̀n àwọn akọ kan kò sọ̀. Ní 1995 wọ́n kó abo 8 wá láti Texas. Àwọn ọmọ tó tìdí rẹ̀ jáde lágbára jù, iye wọn sì pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ra ọ̀fàfà lọ́jà. Ẹ ò mọ odò tí wọ́n ti gbé e kọjá, ẹ sì lè da ẹ̀yà méjì pọ̀. Ọdẹ tó bá rí i pé ẹ ń rà á á tún lọ sọ igbó ẹlòmíràn di ahoro. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó nìkan ló lè fọwọ́ sí irú iṣẹ́ yìí. Kò tiẹ̀ sí èrè níbẹ̀ bí ohun tó lé ti àkọ́kọ́ lọ bá ṣì wà.

Láti Kétu, bàbá àgbà kan: *Ìrókò kan ṣoṣo ló kù nínú igbó wa. Kì í so. Wọ́n ní inú ló ń bí i.*

Bàbá, a ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ akọ. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nígbà tó bá yọ òdòdó, ẹ ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ti akọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó ń rọ̀ bí ìrù eku. Ti abo kúrú, ó nípọn bí ìka, àwọ̀ ewé ni. Bí ó bá jẹ́ abo tí akọ kò sí nítòsí, afẹ́fẹ́ ò ní rí àtíkè òdòdó akọ gbé wá fún un. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ tó sì ń gbé kóró rẹ̀ rìn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi rọ́bà ta àdán níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbin ọmọ rẹ̀ láti igbó mìíràn, ẹ má tò wọ́n sójú kan nínú oòrùn. Kòkòrò kan ń jẹ́ kí ewé rẹ̀ wú ní kókó, orí rẹ̀ á sì kú. Ẹ fọ́n wọn sáàárín igi mìíràn, lábẹ́ ibòji fẹ́ẹ́rẹ́. A kì í mọ akọ mọ abo nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Bí ẹ bá gbin 2, ìgbà 1 nínú 2 ni wọ́n máa jẹ́ irú kan náà. Bí ẹ bá gbin 5 tí gbogbo wọn sì yè, ìgbà 1 nínú 16 ni. Ẹ gbin 8, torí ewúrẹ́ á jẹ nínú rẹ̀.