Èsì: London sí Tokyo, wákàtí mélòó gan-an?

Ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì yín gbéra ní London ní 9:30 àárọ̀, ó sì balẹ̀ ní Tokyo ní 8:15 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Nígbà òtútù, Tokyo fi wákàtí 9 ṣíwájú London. Láti 9:30 àárọ̀ dé 8:15 àárọ̀ ọjọ́ kejì, wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 45 ni lójú aago; ẹ yọ 9 yẹn kúrò nínú rẹ̀, ó ku wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 45. (Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, 8 lẹ máa yọ.)

Nǹkan bíi 9,600 kìlómítà ni tààrà. Tí bàálù bá ń sá 900 ní wákàtí kan, tí ẹ fi ìṣẹ́jú 40 kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀, kò yẹ kó ju wákàtí 11 àbọ̀ lọ. Àmọ́ láti 2022, bàálù ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Japan kì í gba òfuurufú Rọ́ṣíà mọ́, wọ́n ń yípo. Ìyípo yẹn ló jẹ wákàtí méjì tó lé. Tí ẹ bá ń padà bọ̀ sí London, atẹ́gùn líle láti ìwọ̀ oòrùn máa ń dojú kọ bàálù, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gba Alaska àti Greenland. Ẹ fi wákàtí 14 sí 15 sílẹ̀ fún un.